Nosakhele àti Ojú Ìwé Kejì

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí Nosakhele, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri kíláàsì mi, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Ó wé gèlè wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú, ó sì fi aṣọ bo èjìká bó ṣe yẹ ìyàwó tí kò tíì pẹ́ nílé ọkọ. Mo bi í pé ta ló ń wá.

Ó ní, “Wọ́n ní ibí ni wọ́n ti ń kọ́ àgbà ní ìwé, Mísì. Ṣé àyè ṣì kù?”

Àyè kan ṣoṣo ló kù. Tábílẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá, ẹ̀rọ ìkàwé pẹlẹbẹ, ni wọ́n fún ilé ìwé wa, ọwọ́ mi sì ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí à ń kó wọn sí wà. Èmi máa ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké láàárọ̀. Bó bá di ọ̀sán, Lwando á gba yàrá náà, á máa kọ́ àwọn àgbà, èmi á sì jókòó sẹ́yìn, màá máa máàkì ìwé àwọn ọmọ mi títí wọn á fi kó ẹ̀rọ padà síbi tí wọ́n ti mú un.

Àwọn tó ń dúró de àyè pọ̀. Nítorí náà, òfin wà: ẹni tí kò bá parí ìwé àkọ́kọ́ kí táàmù tó parí, á fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Nosakhele kò kàwé tó bẹ́ẹ̀ nílé bàbá rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wa kùsà ní ìlú Rustenburg tó jìnnà, ó sì máa ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Ẹni tó ń bá a kà á ni ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù létí odò. Ọkùnrin yìí á kọ́kọ́ kà á sínú, á rẹ́rìn-ín, kó tó wá kà á síta. Nosakhele sọ fún mi pé ẹ̀rín yẹn ló lé òun wá sí ilé ìwé.

Ọmọlúàbí ni Lwando. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, aṣọ rẹ̀ kì í rún, ó sì gba ẹ̀rọ náà gbọ́. “Ẹ̀rọ kì í ṣojúsàájú,” ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi ìgbọ́hùn tó wà lára ẹ̀rọ bo etí, á ka ohun tó rí sókè, ẹ̀rọ á sì máa gbọ́. Bó bá kà á pé, ìràwọ̀ kan á jáde, ojú ìwé tó kàn á ṣí. Bí kò bá pé, ẹ̀rọ á sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sí i létí pé, “Ó kù díẹ̀. Tún un kà.”

Ìtàn ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Vuyani àti ewúrẹ́ rẹ̀ ni ìwé àkọ́kọ́. Òkè, odò àti ilé nìkan ló wà lójú ìwé kìíní, Nosakhele sì kà á já lọ́jọ́ tó dé. Ojú ìwé kejì ni ọmọ náà àti ewúrẹ́ rẹ̀ ti yọjú. Ibẹ̀ ló há sí.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, Lwando á tan ìràwọ̀ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sára ògiri kí kálukú lè rí tirẹ̀. Orúkọ Nosakhele ló máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú ìràwọ̀ ẹyọ kan.

“Ìyàwó,” ni obìnrin kan wí lọ́jọ́ kan, “ṣé o ń sin ewúrẹ́ yẹn ni? Àwa ti ta tiwa.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fa gèlè rẹ̀ wálẹ̀ sí i. Kò sí ará abúlé rẹ̀ kankan nínú wọn. Òdìkejì odò ló ti ń wá.

Bó ṣe ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí táàmù parí, Lwando fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Àǹtí, ẹ kà á fún mi.”

“Ọmọ náà mú ewúrẹ́ lọ sí odò.”

“Kì í ṣe ‘ọmọ náà’ ló wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ. Kí ni orúkọ ọmọ náà?”

Nosakhele fi àtẹ́lẹwọ́ bo orúkọ náà.

“Àǹtí, ẹ pè é. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà ń ka èyí láàárọ̀ nínú yàrá yìí. Àbí mo parọ́, Mísì?”

Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo kíláàsì ti gbọ́. Nosakhele yọ ohun tó fi bo etí, ó gbé e lé orí tábìlì, ó sì jáde. Kò wá mọ́ láti ọjọ́ náà.

Nígbà tó yá, mo sọdá odò lọ wá a. Ìyá arúgbó kan jókòó síwájú ilé roboto kan, ó ń fa ìkòkò tábà gígùn. Mo bi í bóyá ilé Nosakhele nìyẹn.

“Ilé Vuyani nìyí,” ló wí. “Àbúrò mi ni, èmi ni mo pọ̀n ọ́n.” Ó fi ìkòkò tábà tọ́ka sí sàréè tó wà nítòsí ọgbà màlúù. “Ibẹ̀ ló sùn sí. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni Nosakhele. Ta ni ẹ̀yin?”

Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó kì í pe orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀. Nosakhele dé láti odò, ó rí mi, ó sì sọ korobá kalẹ̀.

“Kí ló dé tí o kò sọ fún wa?”

“Bí mo bá ní orúkọ kan wà tí mi ò lè pè, Mísì, wọ́n á bi mí pé orúkọ wo.”

Mo ṣàlàyé fún ìyá náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. “Àbúrò mi wọ inú ẹ̀rọ? Ó tún ní ewúrẹ́? Ẹni tí adìyẹ gan-an ń sá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.” Lẹ́yìn náà ló gbé ìkòkò tábà sílẹ̀. “Orúkọ ilé wa ni wọ́n fi ń ṣe ìyàwó wa yẹ̀yẹ́ látọjọ́ yìí? Ojú tì mí o.”

Nígbà tí mo sọ fún Lwando, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. “Ìyá mi kò pe orúkọ bàbá bàbá mi rí,” ló wí. “‘Ọkùnrin Orí Àpáta’ ló ń pè é. Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ dàgbà, Mísì. Kí ló wá ṣe mí?” Ó gbìyànjú láti yí orúkọ inú ìwé náà padà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é nìkan ni wọ́n ti lè yí i, wọn kò sì ní dáhùn kí táàmù tó parí.

Ní ọjọ́ Ajé, Nosakhele wọlé, ìyá arúgbó náà sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó jókòó tì í. Nosakhele kò bo etí lọ́jọ́ náà, kí àwọn méjèèjì lè gbọ́ ẹ̀rọ. Ó kàwé dé ibi orúkọ náà, ó fi ìka sí i, ó dákẹ́. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, ó sì ké pe Vuyani bí ẹni ń pe ẹni tó wà lórí òkè.

Ẹ̀rọ ní ó kù díẹ̀.

“Kí ló kù? Ṣé ìwọ lo pọ̀n ọ́n ni?”

“Ẹ pè é jẹ́jẹ́, Màmá,” ni Lwando wí.

Ó pè é jẹ́jẹ́, bí ẹni ń jí ọmọ. Nosakhele ka ìyókù. Ìràwọ̀ jáde.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ kò gbé ojú kúrò lórí tábìlì. Lwando dìde láti tọrọ àforíjì, àmọ́ Nosakhele gbé ọwọ́ sókè. “Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ẹ má bẹ̀ mí níwájú wọn. Ẹ tún ń dójú tì mí ni.” Lwando jókòó padà. Títí a fi ṣíwọ́ lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹnìkejì rẹ̀.

Nosakhele àti ìyá arúgbó náà jọ parí ìwé náà kí táàmù tó parí, àyè Nosakhele kò sì bọ́. Lwando ti pinnu pé òun kò ní fún ẹnikẹ́ni ní ìwé mọ́ láìjẹ́ pé ẹni náà ti kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ mi ní ìkọ̀kọ̀ kí n ka orúkọ inú rẹ̀ fún un. Orúkọ ọmọbìnrin kan ló wà nínú ìwé kejì, kì í ṣe orúkọ ẹnì kankan nílé ọkọ Nosakhele, nítorí náà ìyá arúgbó kò wá mọ́.

Ilé ìwòsàn kékeré kan létí ọ̀nà Cofimvaba ni Nosakhele ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Òun ló ń to fáìlì àwọn aláìsàn bí orúkọ wọn ṣe tẹ̀ léra.