Ibojì Bàbá Mi Lábẹ́ Koríko Olówó

Tí ẹnikẹ́ni bá ń yin ọgbà ìsìnkú tó wà lọ́nà Aládé lójú mi, inú á bí mi. Ó lẹ́wà, n kò jiyàn. Koríko rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, òdòdó wà níbẹ̀, bẹ́ǹṣì wà níbẹ̀, kódà àwọn ìyàwó ọ̀ṣìngín ń lọ ya fọ́tò níbẹ̀. Ẹ gbà mí! Fọ́tò ìgbéyàwó, lórí òkú!

Oko kòkó ni ibẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Àlejò ni bàbá mi ní Ìdànrè. Ọ̀nà jíjìn ló ti wá, ó ń bá olóko ṣiṣẹ́, wọ́n sì jọ ń pín èrè. Nígbà tó kú, kò ní ilé tí a lè sin ín sí. Àwọn ọmọ onílùú ni wọ́n ń sin síwájú ilé, wọ́n á rẹ́ sìmẹ́ǹtì lé e, wọ́n á tún máa sá kòkó sórí rẹ̀. Inú oko ni wọ́n ń sin àwa àlejò sí, wọ́n á wá gbin pèrègún síbi orí òkú kí ojú ibẹ̀ má baà sọnù. Ọdọọdún ni ìyá mi ń lọ ro ìdí pèrègún bàbá mi, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń sọ: "Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ tẹ́ mi sí o. Ẹ má gbé mi lọ síbòmíràn."

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ olóko ta ilẹ̀ náà. Wọ́n ní ọgbà ìsìnkú ìgbàlódé ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. A fi wọ́n rẹ́rìn-ín: ta ló máa gbé òkú ẹ̀ kúrò nílé lọ sínú igbó? Àṣé ayé ti yí padà. Àwọn tó ń kọ́lé tí wọ́n fẹ́ fi háyà kò fẹ́ sàréè níwájú ilé mọ́, torí ayálégbé á sá.

Ìyá mi ti dùbúlẹ̀ àìsàn nígbà tó rán mi lọ wo ibẹ̀. Mo dé ẹnu géètì. Pèrègún tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n gé gbogbo wọn dọ́gba bí irun ọmọ iléèwé. Mo bi ọkùnrin tó ń tọ́jú òdòdó pé níbo ni wọ́n ti rí wọn.

"Inú oko yìí náà ni, Mọ́mì," ó ń rẹ́rìn-ín. "Wọ́n kàn wà káàkiri ni. A hú wọn, a tún wọn gbìn kó lè bá ojú mu."

"Kí lẹ rí nídìí wọn?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní katapílà ló ṣiṣẹ́ náà, òun ò sí níbẹ̀. Mo pariwo lé e lórí títí ohùn mi fi há. Mo wá ń rọra rìn lórí koríko náà, torí n kò mọ ibi tí mo lè tẹ̀ tí kì í ṣe àyà ẹnì kan.

Mo délé, mo sọ bó ṣe rí fún ìyá mi. Ó kọjú sí ògiri. Ó ní, "Ibẹ̀ náà ni kí ẹ gbé mi lọ. Ẹ wá bàbá yín rí."

Nígbà tó kú, a gba àyè níbẹ̀. Èmi ni mo na ọwọ́ síbi tí ọkàn mi sọ. Ilẹ̀ ò tíì jìn tí ṣọ́bìrì fi kan eegun. Àwọn agbẹ́lẹ̀ dúró. Àwọn àgbà ìjọ aládùúrà wa dá orin dúró. Gbogbo wọn ń wo ojú mi.

Ṣé bàbá mi ni, àbí àlejò mìíràn tó kú sóko olóko? N kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo ní kí wọ́n fẹ ilẹ̀ náà sí i. Ibẹ̀ la tẹ́ ìyá mi sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ ọlọ́kọ.