Ọjọ́ Tí Mo Gbé Báàgì Àlejò Jáde

Òórùn àlùbọ́sà díndín ni mo kọ́kọ́ fi mọ ilé kejì. Ní Coolock, ní ìlú Dublin, níbi tí ìjọba fún mi nílé sí, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti wọn, bó bá sì ti di ọ̀sán Sátidé, òórùn náà á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bá mi: àlùbọ́sà tí wọ́n dín títí tó fi pọ́n, ata, atalẹ̀, àti èso kékeré aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n máa ń fọ́ sínú tíì. Òjò á máa rọ̀ níta, òjò Dublin yìí tí kì í pariwo, tí kì í sì í dá. Mo máa ń dúró nídìí fèrèsé kíṣìnì mi, mo máa ń sọ fún ara mi pé ẹni tó bá lè fara balẹ̀ dín àlùbọ́sà tó báyìí, kò lè jẹ́ èèyàn burúkú.

Kì í sì í ṣe èèyàn burúkú. Opó ni, ará Pakísítánì, ọmọ ìlú Lahore. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, ọmọ náà sì jẹ́ nọ́ọ̀sì, nítorí náà Ìyá Nọ́ọ̀sì ni mo ń pè é. Òun ń pè mí ní Màmá. Gẹ̀ẹ́sì tèmi ò pọ̀, tirẹ̀ náà ò pọ̀, ṣùgbọ́n a máa ń jókòó sí kíṣìnì rẹ̀ fún wákàtí méjì, a ó sì gbọ́ ara wa yé. Ìròyìn ilé wọn ló máa ń sọ fún mi. Ó ní lọ́hùn-ún, bí wọ́n bá mú iná lọ, bí ó bá wá dé, gbogbo àdúgbò á hó yèè. Mo ní ìyẹn kò ṣàjèjì sí mi. Ó ní bí ìwé ìgbéyàwó bá sọ pé aago méje, ẹni tó bá lọ ní aago méje, òun ni yóò bá wọn to àga. Ó ní bí o bá wúkọ́ nínú bọ́ọ̀sì, èèyàn mẹ́rin ló máa sọ oògùn tí o máa lò, ẹ̀karùn-ún á ní ọmọ àbúrò òun ni dókítà. Bí èèyàn bá sì sọ lórí fóònù pé òun ti wà lójú ọ̀nà, kí o mọ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá tówẹ́ẹ̀lì tó máa fi wẹ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìlú tí èèyàn ò dé rí, tó wá dà bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n ti wò ó dàgbà.

Àníyàn kan ló wà lọ́kàn obìnrin náà, ọmọ rẹ̀ ni. Ọmọ náà ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìdílé méjì ti wá wò ó fún ọmọ wọn ọkùnrin. Wọ́n mu tíì, wọ́n jẹun, wọ́n lọ, wọn ò padà. Wọ́n ní iṣẹ́ ọsibítù kì í jẹ́ kí obìnrin gbélé. Ẹ̀kẹta tó fẹ́ wá yìí wá yàtọ̀, nítorí pé ọmọ náà àti ọmọkùnrin ọ̀hún ti yan ara wọn. Ibi iṣẹ́ kan náà ni wọ́n wà, iṣẹ́ ọmọkùnrin náà ni kí ó máa kọ́ àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti rọ bí wọ́n ṣe máa tún rìn. Ọmọ yìí wọlé wá bá mi ní Sátidé tó ṣáájú, ó jókòó, ó sọ fún mi pé bí ìyá ọmọkùnrin náà bá kọ̀, ó parí nìyẹn, pé ọmọkùnrin náà ò ní í ta ko ìyá rẹ̀ láéláé. Mo bi í bóyá ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ní, “I'm grand, Grandma,” pé kò séwu kankan. Ó ń fi ṣíbí ro tíì tí kò fi ṣúgà sí. Ìwọ náà mọ̀ wọ́n, àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́ ní ìlú yìí. Bí òrùlé bá ń jó lórí wọn, grand náà ni.

Ìyá Nọ́ọ̀sì ní kí n wá jókòó ti òun. Ìyá tirẹ̀ ti darúgbó sí Lahore, kò lè wá. Ó ní ilé tí kò ní àgbà máa ń fúyẹ́ lójú àna. Mo ní mo gbọ́. Ó wá kọ́ mi ní ohun tí mo máa ṣe bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé.

“Màmá, bí wọ́n bá ní àwọn ò jẹ, ẹ má gbọ́. Ẹ fi kún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀ kí wọ́n tó gbà.”

“Bí ebi bá ń pa wọ́n ńkọ́?”

“Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n máa kọ̀ jù. Ẹ má yin aṣọ ọrùn wọn o, wọ́n á bọ́ ọ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ọmọ mi ò mọ búrẹ́dì ṣe.”

Búrẹ́dì wọn pẹlẹbẹ tó máa ń rí roboto bí òṣùpá ló ń sọ. Ti ọmọ yìí kì í rí roboto. Ó máa ń rí bí àwòrán ilẹ̀ Ireland, pẹ̀lú gbogbo igun rẹ̀.

Ó fi ìkòkò kan hàn mí lórí iná. Kárọ́ọ̀tì ni ó rin, tó sè pẹ̀lú mílíìkì àti ṣúgà àti bọ́tà títí ó fi ki. Ó ní ohun dídùn yẹn kì í jáde àfi bí ọ̀rọ̀ bá yọrí. Bí wọ́n bá gbà, a ó fi sí ara wa lẹ́nu. “Bí wọn ò bá gbà, Màmá, èmi àti ẹ̀yin la máa jẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.” Ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán Sunday ni wọ́n dé, wọ́n wá láti Tallaght ní òdìkejì ìlú, bàbá, ìyá, àti ọmọkùnrin náà. Láti ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti lọ tààrà, pẹ̀lú gèlè mi lórí. Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá náà sanra, orúnkún ń dùn ún, ó rọra jókòó, ó sì fi ojú wo etí kọ́tìnì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọ wa gbé tíì wọlé lórí tìréè, kò dà á sílẹ̀. Mo gba iṣẹ́ mi. Bàbá náà ní òun ò jẹ samósà, mo fi méjì síwájú rẹ̀. Ó fọwọ́ bo àwo, mo gbé ẹ̀kẹta lé e lórí ọwọ́. Ó jẹ márùn-ún. Ìyá Nọ́ọ̀sì ń fi ojú yìn mí, inú mi sì ń dùn pé iṣẹ́ náà yé mi.

Wákàtí kan kọjá, òjò àti gòsìlóò la ń sọ, kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ìgbéyàwó. Lẹ́yìn náà ni ìyá ọmọkùnrin fọwọ́ lé orúnkún méjèèjì, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Ó yẹ ká máa lọ.”

Lọ́dọ̀ tiwa, àgbà kì í sọ pé òun ń lọ kí á jókòó máa wò ó. Ẹni tó bá ní ẹ̀kọ́ ilé á dìde, á gba ẹrù ọwọ́ rẹ̀, á sìn ín sọ́nà. Bí àlejò bá ṣe níyì tó la ṣe ń sìn ín jìnnà tó. Bí mo ṣe dìde nìyẹn. Mo gbé báàgì ìyá náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo to bàtà wọn kí ó kọjú síta, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ, mà. Màá sìn yín dé ìdí mọ́tò.”

Bàbá náà gbé ife dání, kò gbé e sílẹ̀, kò mu ún. Ẹ̀jẹ̀ gbẹ lójú Ìyá Nọ́ọ̀sì. Gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe nílé wọn ló ti kọ́ mi, ìdágbére nìkan ni kò kọ́ mi: pé bí ẹnì kan bá ní òun ń lọ, a gbọ́dọ̀ ní rárá, kí ó tún jókòó, pé ó máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ó tó kúrò, àti pé láàárín ìgbà àkọ́kọ́ sí ìkejì ni ọ̀rọ̀ gidi máa ń jáde. Èmi ò mọ̀. Mo ti wà lójú títì pẹ̀lú báàgì obìnrin olóbìnrin. Kí ló máa ṣe? Ó wọ bàtà, ó tẹ̀lé báàgì rẹ̀.

Mọ́tò wọn wà ní òpin àdúgbò, nítorí àwọn aládùúgbò ti gba iwájú ilé. Mo na apá sí i nítorí orúnkún rẹ̀, ó dì í mú. A rìn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dúró.

“Màmá,” ó ní, “kí ni a ṣe yín? Ṣé ẹ̀yin ará ilé ọmọ yìí ò fẹ́ wa ni?”

Ibẹ̀ ló ti yé mi pé mo ti ṣi nǹkan ṣe. Mo ní, “Ta ló lé yín? Bí n kò bá fẹ́ yín, inú àga ni n bá jókòó sí, n bá ní ó dàbọ̀. Nílé wa, ẹni iyì nìkan la ń gbé báàgì fún.”

Ó wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri ọgbà ẹnì kan. Ó ní bí ẹ̀gbọ́n òun bá ní òun ń lọ ní Pakísítánì, ìgbà yẹn ni wọ́n ń gbé omi tíì mìíràn kaná. Ó nu ojú rẹ̀. Ó wá dúró gangan, ó fi ojú ìyá wò mí. “Ó dáa. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ wa níbí. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Irú ọmọ wo ni?”

Mo rántí ohun tí wọ́n ní kí n má sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bi mí ní òótọ́ ni, mi ò sì mọ bí a ṣe ń fi irọ́ fún ni ní ìyàwó. Mo ní, “Búrẹ́dì rẹ̀ kì í rí roboto, kò sì ní í rí roboto láéláé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹsẹ̀ mi ní ọsibítù Tallaght, ọmọ tèmi wà ní England. Ọmọ yìí á parí iṣẹ́, á wọ bọ́ọ̀sì, á wọ tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, dé ibùdókọ̀ tó kẹ́yìn, ojoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kí ó lè wá ya irun mi. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ mi. Èmi ò sì bẹ̀ ẹ́.”

Ó mọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá lọ́jọ́ náà. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó gba báàgì rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó fi kọ́ èjìká, ó yí padà sí ọ̀nà tí a gbà wá, ó sì ń fà mí lọ́wọ́ dání.

Bí a ṣe wọlé, bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ bàbá náà, ìkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ èyí tí òun máa ṣe. Ọmọkùnrin náà dúró bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì wà ní kíṣìnì, ó kẹ̀yìn sí wa, ọmọ rẹ̀ dì í mú léjìká. Ìyá ọmọkùnrin jókòó wìì sínú àga tó ti kúrò.

“Láti ìta ni mo ti ń gbóòórùn kárọ́ọ̀tì yẹn,” ó ní. “Ṣé ẹ fẹ́ kó jóná ni?”

Ìyá Nọ́ọ̀sì yíjú padà. Ó gbé ìkòkò náà wá bó ṣe wà, kò rántí àwo. Lọ́dọ̀ wọn, àgbà ìdí ìyá ló máa ń kọ́kọ́ fi ohun dídùn sí ọmọ lẹ́nu. Ó na ṣíbí kan sí mi. Mo wo ọwọ́ mi, ọwọ́ tí mo fi di ẹrù sínú páálí ní ilé iṣẹ́ kan ní Damastown títí èékánná fi là, mo gba ṣíbí, mo fi bu díẹ̀, mo fi sí ọmọ náà lẹ́nu. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n ti ṣègbéyàwó. Búrẹ́dì, ọkọ ló ń ṣe é. Bí àwọn èèyàn bá ń sọ ìtàn náà, wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín sí èmi ìyá tó lé àlejò jáde, èmi náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo máa ń rántí ohun mìíràn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé orílẹ̀-èdè yìí, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mú mi jókòó síwájú tábìlì, wọ́n bi mí pé ta ni mí. Mo sọ. Wọ́n ní kí n mú ìwé wá. Gbogbo ohun tí mo bá sọ, ìwé ni wọ́n ń béèrè, fún ọdún bíi mélòó kan, títí ó fi dà bíi pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ò wúlò mọ́. Ní títì Coolock lọ́jọ́ náà, ẹnì kan bi mí ní irú ẹni tí ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Mo dá a lóhùn. Kò béèrè ìwé.