Wáyà Kì í Wọlé Níhòòhò

Ìyàwó olóògbé fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn ṣòkòtò yẹn, torí òun ló rán an níṣẹ́. Ó ní kí ọkọ òun, oníṣẹ́ iná, yà lọ́dọ̀ télọ̀ kó gba ṣòkòtò rẹ̀ wá. Ọkùnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbójú sókè wo àwọn iná tuntun tó rì sínú àjà, ó sì béèrè àkàbà.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣebí ṣòkòtò lẹ wá gbà?” ni télọ̀ wí.

“Ṣòkòtò mi lè dúró, màdáámú. Wáyà yín ló wà níhòòhò.”

Ó pa iná, ó tú gbogbo rẹ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ṣe é ti ki wáyà bọ àpótí irin tó gbé iná láìfi róbà sẹ́nu ihò, kò sì fi ohunkóhun dì í mú kó má bàa máa yọ̀. Etí irin ti ń jẹ awọ wáyà, bàbà pupa ti ń yọjú. Ó fi róbà sẹ́nu ihò kọ̀ọ̀kan, ó sì da aṣọ bo àwọn wáyà náà. Télọ̀ ló sọ ọ́ ní Télọ̀ Wáyà lọ́jọ́ náà, orúkọ ọ̀hún sì mọ́ ọn lára. Ó délé pẹ̀lú eruku àjà lórí, ó sì gbàgbé ṣòkòtò síbẹ̀.

Kò sí oníbàárà tó lè mú un sáré. Wọ́n á ní kó ṣe kíá, á ní, “Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n.” Àwọn obìnrin á bojú, iṣẹ́ á máa lọ.

Ilé tirẹ̀ nìkan ni ò yanjú. Ó lu ihò mẹ́jọ sí àjà pálọ̀, ó ní iná tó máa wọ ibẹ̀, ààfin ọba ò ní irú ẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, gílóòbù kan tó rọ̀ dirodiro ni wọ́n ń lò.

“Iná pálọ̀ mi ńkọ́, olówó orí mi?”

“Róbà tó bá ihò àpótí irin iná yẹn mu ò tíì sí lọ́jà.”

“Ẹ kúkú fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀!”

“Kí irin bu wáyà jẹ, kí ìwọ àti ilé wá jóná? Ta ni yóò wá máa bá mi jà?”

Bí àlejò bá béèrè ohun tí ihò wọ̀nyẹn wà fún, ìyàwó á ní, “Ojú ọkọ mi ni. Ó fi ń ṣọ́ mi.”

Nígbà tí ọkọ dùbúlẹ̀ àìsàn ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì ní kó gbójú sókè kí òun kán oògùn sí i lójú. Àṣìṣe ńlá gbáà nìyẹn.

“Nọ́ọ̀sì, ta ló fi iná yẹn síbẹ̀?”

Ẹsẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ dì mú kó má bàa sọ̀ kalẹ̀ lọ wá àkàbà. Àìsàn náà ló gbé e lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àbúrò olóògbé, tóun náà jẹ́ oníṣẹ́ iná, gun àkàbà ní pálọ̀ yẹn.

“Ìyàwó wa, ẹ ó rí iná lónìí. Róbà nìkan ni ò sí, kò sì pọn dandan.”

Obìnrin tó ti ń jà fún iná láti ọjọ́ gbọgbọrọ gbójú sókè. Àárò ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ gidigidi, ẹ̀rín sì tún ń gbọ̀n ọ́n.

“Ẹ sọ̀ kalẹ̀,” ó ní. “Ẹ lọ wá róbà, ibi yòówù tó bá wà. Ẹni tó fẹ́ràn mi ló lu ihò wọ̀nyí.”