Omi Kápẹ́ẹ̀tì Müyesser

"Màmá, ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ olómi olówó pọ́ọ́kú yẹn, ṣé ó yẹ kéèyàn rà á?"

Berrin, ìyàwó tuntun tó ń gbé àjà kejì ilé wa, ló bi Müyesser ní ìbéèrè yìí lórí àtẹ̀gùn. Müyesser kì í yára dáhùn ọ̀rọ̀. Ó gbé àpò ewébẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó wo ọmọbìnrin náà.

"Irú kápẹ́ẹ̀tì wo lo tẹ́ sílé?"

"Ọ̀rá lásán ni, Màmá. Ẹ̀rọ ló hun ún."

"Gbogbo ìgbà tó o bá gbálẹ̀, ṣé wàá lè da omi ìdọ̀tí nù, kó o fọ ike rẹ̀, kó o sì sá a gbẹ? Tó o bá fi omi yẹn sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ilé á máa rùn bí ajá tí òjò pa."

"Mo lè ṣe é."

"Lọ rà á nígbà náà. Ó ń pariwo, àmọ́ eruku tó bá ti wọ inú omi kì í tún fẹ́ padà sílé. Ohun kan ni kó o ṣe fún mi: má gba omi rẹ̀ gbọ́."

Berrin rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti ń bá Müyesser gbé ilé kan náà ní ìlú Kayseri, nílẹ̀ Tọ́kì, láti ìgbà èwe wa kò rẹ́rìn-ín, torí mo mọ ohun tí omi yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìmọ́tótó Müyesser kọjá kékeré. Bí a bá jẹ búrẹ́dì nílé rẹ̀, á ti máa ṣa èérún rẹ̀ kí a tó gbé e mì. Ní ọdún kan, ọkùnrin kan tó ń kiri tajà gbé ẹ̀rọ olómi olówó ńlá wá, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun gbá igun kan péré. Orí kápẹ́ẹ̀tì irun àgùntàn tí ìyá Müyesser fọwọ́ hun ní ìlú Bünyan ló ti gbá a. Lẹ́yìn náà, ó gbé ike omi náà ka orí tábìlì. Ó dúdú bí ìsàlẹ̀ ife kọfí.

"Ìyá, orí èyí lẹ ti ń kírun?"

Müyesser kàn gbé ife tíì kúrò níwájú ọkùnrin náà.

Màlúù ni owó ẹ̀rọ náà lè rà, Müyesser kò sì ní in. Nígbà tí súpámákẹ́ẹ̀tì tó wà létí títì gbé olówó pọ́ọ́kú dé lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ó rà á, ó fi gbá kápẹ́ẹ̀tì náà, omi dúdú. Ó dà á nù, ó bu òmíràn, ó tún gbá a, omi tún dúdú. Bí àwọn ìyá wa ṣe kọ́ gbogbo wa ni pé ohun tí a bá ń ṣan, títí omi rẹ̀ á fi mọ́ ni. Ó ń gbá a láàárọ̀, ó ń gbá a lálẹ́, títí àsìkò òtútù fi lọ.

Mo gun òkè lọ bá a. "Müyesser, ó tó."

"Omi ò tíì mọ́."

"Ìwọ nìkan lò ń gbé ibí. Ta ló ń dọ̀tí ẹ̀?"

"Ohun témi náà ń bi ara mi nìyẹn."

Kì í ṣe ìdọ̀tí. Irun àgùntàn àti aró ara rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń fà tu. Bẹ́ẹ̀ kápẹ́ẹ̀tì náà kì í ṣe ti Müyesser. Kí ìyá rẹ̀ tó kú ló ti sọ pé ẹrù ìyàwó Nurhan, ọmọ kan ṣoṣo tí Müyesser bí, ni; Müyesser kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni. Nurhan wá láti ìlú İzmir nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù fẹ́ẹ́rẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ pa ibi tí àwòrán òdòdó wà tẹ́lẹ̀. Òwú ìdí rẹ̀ nìkan ló kù.

"Màámi, kí ló jẹ ẹ́? Kòkòrò ni?"

"Èmi ni."

Nurhan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló sunkún, torí iṣẹ́ ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀ ló ń wá níbẹ̀. Ó ká a bẹ́ẹ̀, ó gbé e lọ.

Lọ́dọ̀ wa, bí o bá jẹ ẹnì kan ní ẹ̀tọ́, láyé ńbí ni kó ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọ, kó má bàa di ẹjọ́ ọ̀run. Gbogbo ọdún ni Müyesser ń pe Nurhan lórí fóònù: "Ẹ̀tọ́ rẹ tó wà lọ́rùn mi, yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi."

"Mi ò yọ̀ǹda. Ẹ wá sílé mi, kẹ́ ẹ jókòó lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ mu tíì, kẹ́ ẹ sì da díẹ̀ sí i. Ìgbà yẹn la ó sọ̀rọ̀."

Müyesser ní İzmir jìnnà, pé orúnkún ń dun òun. Orúnkún wo? Ó ń gun àtẹ̀gùn wa jù mí lọ. Ojú kápẹ́ẹ̀tì yẹn ló ń tì í.

Iléyá tó kọjá, mo jókòó tì í nígbà tó pe Nurhan.

"Ṣé o ti yọ̀ǹda ẹ̀?"

"Ṣé ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì?"

Kò sẹ́ni tó pa fóònù nínú wọn. Gbèsè náà ṣì wà nílẹ̀ di òní.