Ẹni Tí Kì Í Pe Ọkọ̀

Láàárọ̀ àná, ní Rye Lane, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, bọ́ọ̀sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá kan tó kó ẹja àti iṣu dání.

"Driver! Dúró dè mí o!"

Awakọ̀ ò wẹ̀yìn.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń sá, bí ẹni pé mo ní kó wá fẹ́ mi!"

Gbogbo àwa tó wà ní ibùdókọ̀ rẹ́rìn-ín. Tèmi ò dénú.

Odò ló pín abúlé wa sí méjì. Ọjà àti ilé oògùn wà lápá tiwa. Bàbá mi ló kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ tó lè ru mọ́tò sórí odò náà: pákó pẹlẹbẹ lórí àgbá, tí wọ́n ń fi okùn irin fà. Ẹni tó bá wà lódìkejì á ké pé, "Ọlọ́kọ̀ o!" Bàbá mi á dáhùn pé, "Mò ń bọ̀ o!" kódà bí òkèlè wà lẹ́nu rẹ̀. Àwa ọmọdé mọ ohùn gbogbo èèyàn; ti tíṣà wa dà bí ti ewúrẹ́ tí òjò ká mọ́ta.

Ìyá Ṣadé tó ń ta ẹ̀wà nìkan ni kì í pè. Á jókòó sórí gbòǹgbò igi lódìkejì, á máa wo omi. Bàbá mi á máa gbójú sókè ṣáá, kó lè tètè rí i. Lọ́jọ́ kan tí mo wà nínú ọkọ̀, bàbá mi rọra bi í pé:

"Ìyá Ṣadé, kí ló dé tí ẹ kì í pè mí?"

"Mo ti pè rí."

N kò rí Ṣadé kankan nílé ìyá náà rí. Ìgbà tí mo dàgbà ni ìyá mi tó là á yé mi. Nígbà ogun abẹ́lé, kí wọ́n tó bí mi, àwọn ṣójà gba èbúté. Wọ́n ní bí ilẹ̀ bá ti ṣú, bàbá mi ò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóhùn láti òdìkejì. Bó bá dáhùn, ìbọn ni. Lóru ọjọ́ kan, Ìyá Ṣadé pè. Ibà ń ṣe ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn. Bàbá mi mọ ohùn rẹ̀, ó sì jókòó. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí Ṣadé fi kú.

Kò sẹ́ni tó dá bàbá mi lẹ́bi. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó sinmi.

Nígbà tó yá, ìjọba kọ́ afárá, ọkọ̀ náà sì jẹrà sétí omi. Bàbá mi ò yéé jókòó síbẹ̀, kó máa wo òdìkejì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Ṣadé gba orí afárá wá, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá Ọlọ́kọ̀, mo ti kọjá o. Ẹ wálé wá jẹun."

"Mò ń bọ̀ o," ni bàbá mi dáhùn. Ṣùgbọ́n kò dìde.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò ké sódò rí. Fóònù lẹ fi ń pera yín. Bí tèmi bá dún, mo máa ń sáré bí ẹni tí ilé ń jó. Ìyàwó mi, kó tó kú, a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ọlọ́kọ̀, wọ́n ń pè yín o."

Lánàá, mo gba iṣu lọ́wọ́ ìyá náà, mo bá a dúró títí bọ́ọ̀sì mìíràn fi dé.

Bọ́ọ̀sì náà kì í ṣe èyí tí mò ń wọ̀.