Kọ́kọ́rọ́ Bíréèkì Inú Fìlà

Eyín ni mo fi wọ́ lọ́rì ẹ̀gẹ́ kan láti Uso dé Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ tí jíà rẹ̀ há, awakọ̀ ń sùn nínú rẹ̀, kò jí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi lọ́rì. Ṣùgbọ́n irin kékeré tí ọmọ mi rà fún mi kò gba eyín, kò gba ẹ̀bẹ̀. Inú rẹ̀ ṣì ń bí mi dòní.

Bíréèkì mọ́tò mi ni irin náà ń dì mú. O bá ti tì í, ó dún kẹ́, láìsí kọ́kọ́rọ́ kò ní ṣí mọ́. Ọmọ ní kí olè má baà gbé mọ́tò ni. Inú ìṣẹ́po fìlà ni mò ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ sí, nítorí mi ò gbàgbé orí mi síbì kan rí.

Ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìyàwó mi pé kó wá ṣiṣẹ́ abẹ ojú ní ọsibítù bọ́ sí àsìkò ọdún Igogo. Ọkùnrin kì í dé fìlà nígboro Ọ̀wọ̀ nígbà náà, obìnrin kì í wé gèlè. Nílé wa ní Isuada, mo ṣí irin, mo dá kọ́kọ́rọ́ padà sínú fìlà, mo fi fìlà kọ́ ìṣó, a jáde. Ẹ wo ọlọ́gbọ́n.

Nígboro, mo dúró kí ọ̀rẹ́ mi kan. Kó lè rí irin mi, mo tì í lójú ẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ lọ, mo na ọwọ́ sórí.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá, kí lẹ ń wá?"

"Kọ́kọ́rọ́."

"Lórí apárí yìí?"

Mo tan mọ́tò, ó tàn. Ṣùgbọ́n bí o kò bá tẹ bíréèkì, jíà irú mọ́tò yìí ò ní kúrò ní P, ibi ìdúró. Bíréèkì ń wò mí, mò ń wò ó. Àwọn ọkùnrin tó fẹ́ tì wá tì í títí, táyà ò yí.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Olè ò lè gbé e lóòótọ́."

"Ṣé èmi ni olè?"

"Ọmọ rẹ ló mọ ẹni tó rà á dè."

Mo pe ọmọ náà. Ó ní, "Ẹ fara balẹ̀, Bàbá. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nìyẹn." Mo sọ fún un ohun tí mi ò lè kọ síbí, mo sì pa fóònù.

Láti òjò èṣí ni ìyàwó mi ti ń dúró de ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà. Ojú rẹ̀ ti ṣú débi pé ó ń fọwọ́ wá iyọ̀ lẹ́bàá ààrò. Ó ní, "Kí ẹ tó gbé kọ́kọ́rọ́ dé láti Isuada, dókítà á ti lọ. Ta ni yóò tún pè mí? Ẹ jókòó ti irin yín." Ó gun ọ̀kadà lọ, èmi ń tutọ́ sára mọ́tò.

Ó bá dókítà. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú rẹ̀, ó délé, ó wo ìṣó ilé wa, ó ní, "Áà, fìlà yìí mà ti gbó."

Lọ́rì Uso yẹn, irọ́ ni mo pa. Ìyókù ṣẹlẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́. Ká ní mo fẹ́ parọ́ mọ́ ti kọ́kọ́rọ́ ni, ǹ bá ti dé fìlà sórí ara mi.