Àwo Orin Tí Kò Ní Orúkọ Ìyá Mi

Ọjọ́ tí àwo orin ìjọ wa pé ogún ọdún ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà ní Ìrókò, èmi àti ìyá mi ń bẹ ẹ̀gẹ́, a sì ń gbọ́ rédíò. Ìyá mi ló ṣẹ̀dá gbogbo orin inú àwo náà. Nígbà tí ìjọ fẹ́ gbé e jáde, ìyá mi kọ̀ kí a kọ orúkọ àwọn sí i, torí pé nínú ìjọ Aládùúrà wa, a kì í fi orúkọ ènìyàn sí orin tí Ẹ̀mí bá fúnni. Ọ̀gá akọrin kọ tirẹ̀ sí i láìtijú.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò bi ọ̀gá akọrin náà, tí wọ́n gbà lálejò láàárọ̀ náà, léèrè ibi tí ó ti rí àwọn orin náà.

Ó ní, "Ẹ̀mí ló fún mi."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ ìyá mi.

"Màámi, ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́. Ẹ̀mí tó bá mi sọ̀rọ̀ lóko, ìgbà wo ló yà sílé ẹ̀?"

Wọ́n mí kanlẹ̀. Ó ti rẹ̀ wọ́n.

"Ìwọ tó o mọ̀wé, bá mi kọ orúkọ mi síbi táyé á ti rí i."

Mo ti kọ ọ́ báyìí: Dọ́káàsì Àbẹ̀kẹ́, ará Ìrókò, ló ni àwọn orin náà.